Owó ẹgbẹ́ onílé: bí ẹ ṣe máa yanjú rẹ̀ kí ẹ tó ra ilé tàbí ta ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè ìwé ilẹ̀, ìwé sọ́fè àti ìdílé tó ni ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè títí wọ́n á fi kó ẹrù wọlé, ìyẹn ìwé akápò ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ tí onílé tuntun bá yọjú, wọ́n á kí i káàbọ̀, wọ́n á fún un ní àga, lẹ́yìn náà akápò á ṣí ojú ìwé tí orúkọ ẹni tó ta ilé ṣì wà lókè rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbèsè.

Kò sí òfin tó ní kí gbèsè ẹlòmíì di ti yín torí pé ẹ ra ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, ilé ni ẹgbẹ́ mọ̀. Ẹni tó jẹ owó ti gba owó ilé, ó ti kó lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Ilé kò lè kó lọ. Ẹgbẹ́ yìí náà ló gba ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru, òun ló dáwó ra tiransifọ́mà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ náà nígbà tí owó ilé ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń ta ilé máa ń tètè dáhùn nígbà yẹn ju ìgbà tó bá ti gbowó tán lọ.

Irú owó tó wà

Owó oṣù ló rọrùn jù láti mọ̀. Òun ni wọ́n fi ń san owó ọdẹ, tí wọ́n fi ń ra fíúùsì tó bá jó lára tiransifọ́mà, tí wọ́n fi ń gbá gọ́tà, tí wọ́n fi ń tún géètì ṣe. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Àwọn àdúgbò kan ń gbà á ní iye kan náà fún ilé kọ̀ọ̀kan, yálà ilé oníyàrá méjì ni o, yálà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Àwọn míì ń gbà á ní fúláàtì-fúláàtì. Ní agbègbè Under-G àti Adénikẹ, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, ẹ lè bá a pé wọ́n ń ka yàrá. Họ́sítẹ̀lì oníyàrá 20 tí wọ́n ń gba ₦500 lórí yàrá kọ̀ọ̀kan lóṣù ń san ₦10,000, ìyẹn ₦120,000 lọ́dún. Ẹni tó ti fi owó ilé tí ìdílé kan ń gbé ṣe ìṣirò rẹ̀ máa ṣòfò. Ẹ tún béèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iléèwé bá wọ ìsinmi tàbí tí àwọn olùkọ́ bá da iṣẹ́ sílẹ̀ tí yàrá sì ṣófo. Ọdẹ kì í lọ ìsinmi, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í dín owó kù.

Ta ló ń san án, lándílọ́ọ̀dù ni àbí tẹ́náǹtì? Ibi tí tẹ́náǹtì bá ti ń san owó ọdẹ fúnra rẹ̀, ó lè ti san án ní gbogbo oṣù kí ẹni tó ń kó o jọ nínú ilé má sì fi jíṣẹ́. Gbèsè ni akápò máa rí nínú ìwé. Bí tẹ́náǹtì bá wà nínú ilé tí ẹ fẹ́ rà, ẹ bi àwọn náà.

Owó àkànṣe ni ìpàdé máa ń fẹnu kò sí fún iṣẹ́ kan pàtó: tiransifọ́mà, òpó iná àti wáyà, kànga ẹ̀rọ, géètì, kọ́fátì, gírédà tí wọ́n fẹ́ fi tún ọ̀nà ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Owó yìí ló ń pọ̀, òun náà ló ń dá ìjà sílẹ̀, torí náà a máa padà sí i.

Ẹ̀kẹta ni owó ìwọlé ẹgbẹ́. Ẹni tó ra ilé tó ti parí lè rí i pé fọ́ọ̀mù àti owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni. Ẹni tó ra ilé tí kò tíì parí ni kó la ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun ló ń gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Bí ẹni tó ń tà bá ti san ti ìpìlẹ̀ tó sì dúró síbi líntẹ̀lì, ẹ gba rìsíìtì ti ìpìlẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kan òrùlé.

Ẹ má da àwọn owó wọ̀nyí pọ̀ mọ́ èyí tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Gbèsè iná lórí nọ́ńbà àkáǹtì tàbí mítà, iléeṣẹ́ iná IBEDC ni ẹ máa bi. Owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́tọ̀ ni. Owó ilẹ̀ ọdọọdún tó wà nínú C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín. Owó tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń béèrè tún jẹ́ ọ̀rọ̀ míì. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ onílé bá fún yín kò pa ọ̀kankan nínú wọn rẹ́.

Tiransifọ́mà

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé 60 dáwó ra tiransifọ́mà, ilé kọ̀ọ̀kan sì san ₦150,000. Ẹni tó ń ta ilé fún yín ti san tirẹ̀ pé. Lọ́jọ́ tí ẹ kó dé, ẹgbẹ́ ní kí ẹ san ti yín, torí pé “onílé tuntun ni yín.” Ṣé ó tọ́? Lójú tiwa, kò tọ́. Ilé yẹn ti san án, kò sì sí ilé tuntun kankan tó so mọ́ wáyà. Ẹni tó kọ́ ilé sórí ilẹ̀ òfìfo lẹ́yìn tí wọ́n ti ra tiransifọ́mà ni wọ́n lè ní kó wá dá tirẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n èrò yìí kò ní ran yín lọ́wọ́ bí kò bá sí ìwé. Ohun tó máa ń fa wàhálà ni pé orúkọ ènìyàn nìkan ló wà lórí rìsíìtì, láìsí ojúlé. Bàbá tó san án ti kú tàbí ó ti lọ, alága tó gba owó ti yípadà, alága tuntun ní òun kò rí nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì náà gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ lórí WhatsApp nìkan. Bí kò bá rí i mọ́, kí akápò kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ilé náà san án, kó kọ iye àti ọdún tí wọ́n san án.

Ẹ wo agbára tiransifọ́mà náà pẹ̀lú, torí ó máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá owó míì ń bọ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀. Tiransifọ́mà 300 kVA lè gbé nǹkan bí 417 áńpíà lórí fésì kọ̀ọ̀kan. Ti 500 kVA lè gbé nǹkan bí 695. Kò sì yẹ kí wọ́n máa lò ó dé òpin nígbà gbogbo. Bí ilé 40 bá wà lórí 300 kVA nígbà tí wọ́n rà á, tí họ́sítẹ̀lì márùn-ún tí wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ ìfami sì ti so mọ́ ọn lẹ́yìn náà, ẹ máa rí àmì rẹ̀: fíúùsì tó ń jó léraléra ní alẹ́, iná tó rẹlẹ̀ débi pé fáànù ń rákòrò, àwọn ènìyàn tó ń yí fésì kiri. Ẹ lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kí ẹ bi aládùúgbò kan. Bí àwọn àmì yìí bá wà, ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà tuntun ti wà lẹ́nu ìpàdé, tàbí kó máa bọ̀ láìpẹ́.

Ohun kan kù níbí tí àwọn tó ń ta ilé máa ń gbàgbé. Àjọ NERC, tó ń ṣe ìlànà fún àwọn iléeṣẹ́ iná ní Nàìjíríà, ti ṣe ìlànà kan tó jẹ́ kí ará àdúgbò àti iléeṣẹ́ iná fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí ará àdúgbò tó ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè rí owó wọn gbà padà. Bí irú ìwé yẹn bá wà ní àdúgbò náà, owó tó máa padà wá ti ta ni? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ìtajà, bí ó ti wù kó rí. Bí kò bá sí ìwé kankan, ẹ má fi owó tí kò dájú dúnàá dúrà.

Bí ẹ ṣe máa wádìí

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ tí ilé náà wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Òpópónà kan lè ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, kó sì tún wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tó kó òpópónà púpọ̀ pọ̀, kí àwọn méjèèjì máa gba owó. Àdúgbò tó bá ń pín sí méjì nítorí ìjà ìjòyè burú jù, torí alága méjì ni ẹ máa bá níbẹ̀, rìsíìtì oríṣi méjì. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìdàgbàsókè àdúgbò ní ìjọba ìbílẹ̀ lè sọ èyí tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ti Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Kínníra, ti Gúúsù wà ní Arówómọlé. Ẹ rí i dájú ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé náà bọ́ sí kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ rí alága, akọ̀wé àti akápò. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ṣe é, ẹ má sì rán ajẹ́ńtì. Ajẹ́ńtì fẹ́ kí ọjà tà. Ó dáa kí ẹni tó ń tà tẹ̀lé yín, tàbí kó pe alága lórí fóònù níwájú yín, torí akápò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ṣí ìwé onílé fún àlejò. Ẹ lè gbà á báyìí:

“Ẹ kú ilé o, bàbá. Ilé bàbá Ṣadé tó wà ní ojúlé kẹsàn-án ni a fẹ́ rà, àwọn ni wọ́n ní ká wá rí yín. A kò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí a bá kó dé ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ owó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ilé náà jẹ, kí sì ni ìpàdé ń gbèrò láti ṣe?”

Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì bíi ti àkọ́kọ́. Gbèsè àná máa wà nínú ìwé akápò, owó ọ̀la wà nínú ìwé akọ̀wé. Ẹ ní kí akọ̀wé ka ìpinnu ìpàdé oṣù mẹ́fà sẹ́yìn fún yín. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò pé kí ilé kọ̀ọ̀kan san ₦40,000 fún kọ́fátì lẹ́yìn Iléyá, ìwé akápò kò ní fi hàn pé ilé náà jẹ kọ́bọ̀, síbẹ̀ ẹ̀yin ni wọ́n máa wá bá.

Nígbà tí ìwé akápò bá ṣí, ẹ wo oṣù tí owó ti dúró, ẹ wo owó àkànṣe tí wọn kò tíì san tán, kí ẹ sì bá rìsíìtì ẹni tó ń tà wò ó. Ibi tí rìsíìtì bá wà tí ìwé kò sì gbé e, ẹ jẹ́ kí akápò tún un ṣe lójú yín, kó fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè bóyá owó ìtanràn wà fún ẹni tí kò wá ìpàdé tàbí tí kò san lásìkò. Owó kékeré ni, àmọ́ ní ẹgbẹ́ tó le, ó lè ju owó oṣù fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹgbẹ́ kò bá ní ìwé rárá, tó jẹ́ pé orí ni alága fi ń rántí, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí le gan-an.

Ìṣirò

Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Owó oṣù jẹ́ ₦2,000, ẹni tó ń tà kò sì san án fún oṣù 18: ₦36,000. Ó san ₦90,000 nínú ₦150,000 owó tiransifọ́mà: ó ku ₦60,000. Kò san owó géètì rárá: ₦25,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦121,000. Ẹ yọ ₦121,000 kúrò nínú owó ilé, kí ẹ̀yin fúnra yín fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹgbẹ́, kì í ṣe àkáǹtì alága. Ẹ má gbé owó náà fún ẹni tó ń tà pé kó lọ bá yín san án. Kí rìsíìtì gbé ojúlé, orúkọ ẹni tó ń tà àti orúkọ yín.

₦40,000 ti kọ́fátì ńkọ́? Ìdúnàá-dúrà ni. Ohun tí a rò pé ó bá ẹ̀tọ́ mu ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán, tí ẹni tó ń tà ti lò, kó san án. Iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹni tó máa lò ó ni kó san án. Iṣẹ́ tó wà láàárín méjì, ẹ pín in.

Ó lè jẹ́ ẹni tó ń tà ló san ju bó ti yẹ lọ. Bó bá san ₦24,000 ti gbogbo ọdún ní oṣù kìíní, tó sì fi ilé sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ, oṣù mẹ́rin ló kù, ẹ̀yin lẹ máa dá ₦8,000 padà fún un.

Lẹ́tà ẹgbẹ́

Kí ẹ tó san owó ilé tó kẹ́yìn, ẹ gba lẹ́tà kan tó lọ báyìí:

*Ẹgbẹ́ Onílé Àdúgbò … Ọjọ́ …*
*A jẹ́rìí pé ilé tó wà ní ojúlé …, òpópónà …, tó jẹ́ ti …, ti san owó oṣù títí di ìparí oṣù … ọdún …. Ilé náà ti san ₦… nínú ₦… owó tiransifọ́mà, àti ₦… nínú ₦… owó géètì. Gbèsè tó kù lórí ilé náà lónìí jẹ́ ₦…. Owó tí ìpàdé ti fẹnu kò sí tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ni …. Ìpín ilé yìí nínú àwọn nǹkan tí a ti dáwó rà di ti …, a kò ní gba owó wọn lórí ilé yìí lẹ́ẹ̀kejì.*
*Ìbuwọ́lùwé alága, akọ̀wé àti akápò. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́.*

Gbólóhùn “lẹ́ẹ̀kejì” yẹn ni ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ yọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Kí lọ́yà yín so lẹ́tà náà mọ́ ìwé àdéhùn ìtajà, kó sì fi ìlà kan sí i pé owó ẹgbẹ́ tó bá ti wà kí ilé tó yí ọwọ́, tí kò sì hàn nínú lẹ́tà, ẹni tó tà á ló máa san án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilé

Ẹ san gbèsè yín kí ẹ tó pe ajẹ́ńtì, tàbí kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi pamọ́, aládùúgbò á sọ ọ́, ẹni náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìwé ilẹ̀ yín pàápàá. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì jọ sínú àpòòwé kan, ẹ tò ó ní ọdún-ọdún. Rìsíìtì tiransifọ́mà àti ti kànga ẹ̀rọ ń fi owó lé ilé, torí ẹni tó ń rà á kò ní san án mọ́.

Bó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ṣojú ẹbí nínú ẹgbẹ́. Ó wọ́pọ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó wà nílé ti máa gba owó ọdẹ lọ́wọ́ àwọn tẹ́náǹtì láìsan án, kí àwọn àbúrò tó wà ní Èkó má sì mọ̀ títí di ọjọ́ ìtajà. Ẹ parí ẹ̀ láàárín ara yín kí àlejò tó dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá tà á, ẹ fi ìwé sọ fún ẹgbẹ́ pé ilé ti yí ọwọ́ àti ọjọ́ tó yí ọwọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ yín ni gbèsè tuntun á máa gorí.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà

Ẹgbẹ́ onílé kò ní àṣẹ láti já wáyà iná yín. IBEDC nìkan ló lè já iná. Kò lè ti géètì mọ́ yín, kò sì lè fi ọlọ́pàá mú yín torí owó oṣù: òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé kí wọ́n má mú ènìyàn torí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn lásán. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka òfin sí ẹnikẹ́ni létí, ẹ mú lẹ́tà àti rìsíìtì lọ sí ìpàdé, ẹ ní kí wọ́n kà á síwájú gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni alága tuntun kò mọ ohun tí alága àná fọwọ́ sí. Bí kò bá yanjú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọ́fíìsì ìdàgbàsókè àdúgbò ní ìjọba ìbílẹ̀. Owó tí ẹ gbà pé ẹ jẹ, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ìyókù bá wà lábẹ́ ìjíròrò, kí wọ́n má bàa sọ pé ẹ kò fẹ́ san nǹkan kan.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ra ilé níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú tibí wo HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ onílé tọ̀hún. Níbẹ̀, àdéhùn ẹgbẹ́ ti wà lára ìwé ilé, ẹni tó bá rà á ti wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Gbèsè HOA lè di ẹ̀tọ́ lórí ilé náà fúnra rẹ̀, ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì wà tí ẹgbẹ́ ti lè torí rẹ̀ ta ilé mọ́ onílé lórí. Báńkì tó ń yáni lówó ilé máa ń ka owó oṣù HOA mọ́ gbèsè ẹni tó ń rà. Ìwé tó dà bíi lẹ́tà tiwa yìí wà lábẹ́ òfin. Ní Florida, estoppel ni wọ́n ń pè é. Owó ìpamọ́ ẹgbẹ́ ni kí wọ́n béèrè níbẹ̀, torí ẹgbẹ́ tí àpò rẹ̀ gbẹ ló ń gba owó àkànṣe òjijì.

Nígbà tí ẹ bá ti kó wọlé, ẹ lọ sí ìpàdé tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ẹ fún akọ̀wé ní ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí gan-an wà lọ́wọ́ yín. Kí akápò fi ìlà pupa pa orúkọ ẹni tó tà á rẹ́ lójú yín, kó kọ ti yín, ojúlé àti ọjọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé yẹn.